Ẹsẹ̀ Mi Lórí Kílọ́ọ̀ṣì

Akeem mẹkáníìkì ní Ìkìrun ti sọ fún mi pé bíárìn inú gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ mi ti gbó, òun ló ń mú un kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Àmọ́ tí mo bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ariwo á dákẹ́. Dípò kí n tún un ṣe, èmi ìyá arúgbó ní kí n dọ́gbọ́n tà á bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Mákánjúọlá wá wò ó láti Òkukù, nílé mi ní Ìnísà. Mo ṣáná sí ọkọ̀, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì pinpin.

“Ó mà dákẹ́ o, Màmá. Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà, Tíṣà.”

“Láníkẹ́ ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́?”

Nígbà tó fi máa kí dé orí ewúrẹ́ mi, itan mi ti ń gbọ̀n, òógùn ti gba gbogbo ìdí mi. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, gíábọ́ọ̀sì sì bú ramúramù.

“Màmá, mo ní irú ọkọ̀ yìí rí,” ni Tíṣà wí. “Láti orí Láníkẹ́ ni mo ti ń retí kí ẹsẹ̀ yẹn yọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ bíárìn, màá rà á.”

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́ tọ̀ sára. Tíṣà ló wa ọkọ̀ náà lọ bá Akeem, torí ẹsẹ̀ mi ò ṣeé tẹ nǹkan kan mọ́.