Oyún Dé, Aaron Ṣì Ń Mu Ọmú

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo gbà pé ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í tètè lóyún. Ní ọdún 2006, Aaron ọmọ mi kò tíì pé oṣù márùn-ún tí àyẹ̀wò fi hàn pé òmíràn ti dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi abẹ gbẹ̀bí mi, ara mi ò tíì sinmi. Èmi àti Olúsọjí ọkọ mi fẹnu kò pé a ó ṣẹ́ oyún náà. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, Mọ́mì, wà nílé wa ní Brandywine, ní Amẹ́ríkà, ó ti Ìbàdàn wá bá wa wẹ ọmọ, àwa méjèèjì ò sì láyà àtisọ fún un. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, n kì í ra ìkòkò láì kọ́kọ́ bi Mọ́mì.

Mo fi ìwé àlàyé nípa oyún ṣíṣẹ́ tí wọ́n fún mi ní kíníìkì pamọ́ sínú àpò ìlédìí Aaron. Ọgbọ́n orí mi mà pọ̀ o! Ta ló ń pààrọ̀ ìlédìí ọmọ bí kò ṣe Mọ́mì?

Láàárọ̀ Sátidé, ó pè mí, ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Túndùn, kà á fún mi. Gẹ̀ẹ́sì yìí ti pọ̀ jù."

Mo kà á. Bí oyún bá ṣì kéré, ọ̀nà méjì ló wà. Èèyàn lè lo oògùn: ọ̀kan ní kíníìkì, ìyókù nílé, inú á run, ẹ̀jẹ̀ á sì wá ju ti nǹkan oṣù lọ. Tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ fà á, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, èèyàn á padà sílé lọ́jọ́ náà. Nọ́ńbà wà téèyàn lè pè nígbàkigbà bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù. Olùdámọ̀ràn tún wà téèyàn lè bá sọ̀rọ̀.

"Ṣé dókítà gidi ló ń ṣe é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó gba ìwé náà padà lọ́wọ́ mi. "Àbúrò mi Ọmọ́jọlá lọ mu kán-ún àti búlúù ìfọṣọ láti fi ṣẹ́yún. Ìtìjú ò jẹ́ kó bi ẹnikẹ́ni. Ọmọ ogún ọdún la sin."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà bú sẹ́kún. Ló bá fi ìwé náà gbá mi lórí. "Ìwọ nọ́ọ̀sì yìí! Ẹ gba ìfètò-sọ́mọ-bíbí bọ̀, kí Olúsọjí náà wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Olúsọjí gba off níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Suitland, ó wa ọkọ̀. Mọ́mì ń bú u títí a fi dé kíníìkì.

Nọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Zoe ní òun fẹ́ bi mí ní ìbéèrè kan lémi nìkan. Mo yíjú sí Mọ́mì. Ó ti dìde, ó ti gbé Aaron.

"Má wò mí. Èmi kọ́ ni wọ́n ń bi."

Òun àti Olúsọjí jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé. Zoe béèrè bóyá ẹnìkan ló ní kí n ṣe é, àbí ìfẹ́ inú mi ni. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni tí mo lè wò. Mo ní ìfẹ́ inú mi ni. Ohùn mi le ju bí mo ṣe rò lọ, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu mi.