A Kì í Kí Ara Wa Níta

Òfin kan ṣoṣo ni Chiara fún Abísọ́lá lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́.

"Ẹnikẹ́ni tí o bá rí nínú ilé yìí, o ò mọ̀ ọ́n níta. Bó bá kí ọ, dá a lóhùn. Bí kò bá kí ọ, máa lọ."

Chiara ni alábòójútó ilé náà. Ẹ̀rín fẹ́ pa Abísọ́lá. Ìyá rẹ̀ ti tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó nígbà tó wà ní kékeré, bí kò bá tètè kúnlẹ̀ fún àgbà. Kí wọ́n wá ní kó má kíni? Ṣùgbọ́n ó nílò iṣẹ́. Ó ní, "Va bene, ó dáa."

Sauna ni, ilé ìwẹ̀ ooru, ní òpópónà tóóró kan ní Barriera di Milano, àdúgbò kan ní Ítálì. Àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ló ń wá síbẹ̀. Abísọ́lá ń fọ aṣọ ìnura wọn, ó ń mú un gbẹ, ó sì ń ká a. Ó ti rò pé òun á gbọ́ òórùn ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Òórùn ọṣẹ àti ti pákó gbígbóná ló bá. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí, ó sì máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń ráhùn orúnkún tó ń dùn wọ́n àti ọmọ tí kò pè wọ́n mọ́. Dókítà kan máa ń wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Piero, ọ̀kan nínú wọn, awakọ̀ ojú irin ìgboro tó ti fẹ̀yìn tì, kú tí ẹbí rẹ̀ kò yọjú, àwọn ará ilé ìwẹ̀ ló gbé pósí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Abísọ́lá gbé aṣọ ìnura jáde, ó sì gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kọ orin ìjọ ní Yorùbá. Bàbá kan ni, irun funfun ti yọ ní àgbọ̀n rẹ̀, aṣọ ìnura nìkan ló ró mọ́ ìdí. Orúnkún Abísọ́lá kò bi í léèrè kó tó kanlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà!"

Àwọn tó ń mu kọfí bú sẹ́rìn-ín. "Maestà!" ni wọ́n ń pariwo, bí ẹni ń kí ọba.

"Dìde jàre, ọmọ mi," ni bàbá náà wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọba tó ró aṣọ ìnura, ìlú wo ló jẹ?"

Adésànmí lorúkọ rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí ló ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń bá a wá ìyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ fún Abísọ́lá pé, "Nílé yìí nìkan ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín ara mi."

Kò pẹ́ tí Sunday, tó ń bá àwọn èèyàn fowó ránṣẹ́ sílé, fi rí Adésànmí tó ń jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ náà. Ó gba ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Ìyábọ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ àǹtí yìí ni Abísọ́lá ń gbé. Abísọ́lá sì wà lẹ́yìn àpò ìrẹsì, ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn.

"Irọ́ lo pa, Sunday," ni àǹtí wí. "Bùrọ̀dá Adésànmí kẹ̀?"

"Àǹtí, I swear. Ṣebí ibẹ̀ ni ọmọ yín ti ń fọṣọ? Ẹ má bi í o, kò ní sọ. Bùrọ̀dá á wá ra gàrí ní Sátidé. Ẹ ṣáà máa wo bó ṣe máa kí wọn. Bó bá mọ̀ wọ́n, orúnkún rẹ̀ á jẹ́wọ́."

Abísọ́lá ro ọ̀rọ̀ náà títí. Bó bá kúnlẹ̀ bí ẹni ń kí àlejò, ojú rẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Bùrọ̀dá á pè é ní ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ á sì ti bàjẹ́. Ó pinnu.

Ní Sátidé, ṣọ́ọ̀bù kún. Sunday fara ti fíríìsà. Adésànmí wọlé, ó rí Abísọ́lá, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lára ilẹ̀kùn.

Abísọ́lá na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọnrangandan. Ó wo bàbá náà lójú kòrókòró.

"Buongiorno," ó kí i lédè Ítálì, ó sì ń to agolo tòmátò rẹ̀ lọ.

"Háà!" Àǹtí Ìyábọ̀ pàtẹ́wọ́. "Abísọ́lá! Lórí ìdúró? Ta lò ń wí bẹ́ẹ̀ fún?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n, Àǹtí."

"O ò mọ̀ wọ́n! Ṣé ó dìgbà tí a bá mọ àgbà ká tó kí i?"

"Ítálì ti ba eléyìí jẹ́ pátápátá," ni obìnrin kan wí, ó pòṣé.

"Ọmọ yìí mà yájú o!" ni Sunday wí. Òun náà ti gbàgbé ohun tó bá wá.

"Kúnlẹ̀ kíákíá!" ni Àǹtí pàṣẹ.

Abísọ́lá di agolo ọwọ́ rẹ̀ mú. Bó bá kúnlẹ̀ báyìí, ẹkún ni yóò sun, ẹkún náà á sì sọ̀rọ̀. "Rárá, mà."

"Nígbà náà, má sùn nílé mi lálẹ́ òní."

"Ẹ fi í sílẹ̀, ìyá," ni Adésànmí wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ọmọdé ni." Ó ra gàrí rẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń sọ káàkiri Barriera. Kò sẹ́ni tó rántí ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ mọ́. Abísọ́lá gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sùn lórí àga gbọọrọ nílé Chiara.

Ọjọ́bọ̀ ni Adésànmí padà wá sílé ìwẹ̀. Abísọ́lá gbé aṣọ ìnura fún un, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tutù, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà. Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àtijọ́."

Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan di aṣọ ìdí rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì kan ilẹ̀ níwájú Abísọ́lá. Àwọn tó ń mu kọfí wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó pariwo Maestà.

Fóònù Abísọ́lá dún. Àǹtí Ìyábọ̀ ni.

"Ṣé o ti lọ kúnlẹ̀ bẹ bùrọ̀dá yẹn? Ìgbà tí o bá bẹ̀ wọ́n lo tó máa wọlé mi!"

Abísọ́lá wo orúnkún rẹ̀ tó tutù.

"Mi ò mọ̀ wọ́n, Àǹtí," ó ní, ó sì na ọwọ́ mú aṣọ ìnura tó kàn.