Ìkarahun Páìpù Kọkàndínlọ́gbọ̀n

Bí ìkarahun àkọ́kọ́ ṣe bá ẹrẹ̀ jáde báyìí, Ràímì pa ẹ̀rọ. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ariwo tó ti ń dí gbogbo àdúgbò létí láti àárọ̀ dákẹ́ lójijì, débi pé èèyàn ń gbọ́ fèrè tírélà láti Malu Road.

"Ó tán," ni ó wí. "Òkun rèé. Ẹ jẹ́ ká máa yọ páìpù."

Rekiat ọmọ rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí àwọn àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ẹrẹ̀. Orí àpò yìí ló ń to ohun tí ẹ̀rọ bá hú jáde sí, òkìtì kan fún páìpù kan, bí ẹni ń pàtẹ ata, ó sì ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan. Òkìtì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀: iyanrìn funfun, amọ̀ pupa, iyanrìn míì, amọ̀ aláwọ̀ eérú. Èyí tó kẹ́yìn dúdú bí èédú, ìkarahun wẹ́wẹ́ tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́ sì kún inú rẹ̀.

Ọdún márùndínlógójì ni Ràímì ti ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Láti Àjégúnlẹ̀ dé Coconut, àdúgbò tí kò tíì gbẹ́lẹ̀ sí kò pọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi òfin kan lé e lọ́wọ́: níbi tí ìkarahun bá ti jáde, dúró. Òkun ló wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀, omi iyọ̀ ni yóò bá, ilẹ̀ yóò sì gbé páìpù rẹ̀ mì. Ràímì kò rú òfin yìí rí, àwọn agbẹ́lẹ̀ yòókù kò sì rú u. Ká ní àwa ará Èkó ń pa òfin ojú pópó mọ́ báyẹn ni, ara ìbá tù wá.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dúró síbi tí wọ́n dé yìí, kò sí omi. Wọ́n ti tọ́ omi òkè wò ní páìpù kẹjọ, iyọ̀ rẹ̀ sì fa Tamuno lójú pọ̀. Tamuno ni ọmọ Ijaw tó ń bójú tó pọ́ọ̀mpù ẹrẹ̀. Kànga àfọwọ́gbẹ́ àdúgbò náà ńkọ́? Omi ṣaláńgá ti wọ̀ ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, onígbáméjì ti dá ọmọ mẹ́rin dùbúlẹ̀ ní òpópónà kan ṣoṣo yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ni Oluchi, ọmọ ọdún mẹ́fà. Philomena ìyá rẹ̀ ló ni àgbàlá tí wọ́n ń gbẹ́ yìí, ọsibítù ló sì sùn mọ́jú, níbi tí wọ́n ti ń fa omi sí ọmọ rẹ̀ lára. Bí kànga ẹ̀rọ yìí kò bá mú omi wá, inú kànga kan náà ni àwọn ọmọ yòókù yóò tún padà sí.

Kò sẹ́ni tó ní láti sọ ibi tí ìyẹn ń já sí fún Rekiat. Ọ̀nà náà ni Hameed ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà lọ, lọ́dún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, nínú ilé kan tó jẹ́ ìkẹta sí ibi tí wọ́n dúró sí yìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

"Bàbá, ẹ má tíì yọ ọ́," ni Rekiat wí.

"Ìwọ náà rí ìkarahun."

"Mo rí i. Òun ni mo ń wá."

Ràímì bojú wò ó bí ẹni wo ọmọ tí ibà ń ṣe. Rekiat ti lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì lórí ẹ̀kọ́ òkúta àti ilẹ̀, bàbá rẹ̀ sì máa ń fi í yangàn níbi gbogbo, àfi nídìí iṣẹ́. Nídìí iṣẹ́, bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Búrẹ́dì kan wà lórí àga, tí Philomena rà sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ kó tó lọ sí ọsibítù. Rekiat bù ú ní ìlàjì, ó di ìlàjì náà mú ní eteetí méjèèjì.

"Ilẹ̀ tiwa àti ilẹ̀ Bràsíìlì, ọ̀kan náà ni wọ́n láyé àtijọ́," ni ó wí. "Ooru abẹ́ ilẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n ya."

"Ta ló wà níbẹ̀?" ni Ràímì bi í.

"Ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀, Bàbá. Ẹ ṣáà wò ó." Ó ń fa búrẹ́dì náà jẹ́jẹ́. Àárín rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó rọ̀ sísàlẹ̀, kó tó wá já. "Ṣé ẹ rí i? Kó tó já, ó kọ́kọ́ rì. Ibi tó rì yẹn ni òkun gbà wọlé. Etí tó kù sọ́wọ́ mi yìí ni Èkó jókòó lé. Bó ṣe ń rì ni odò ń kó iyanrìn dà sí i. Òkun á gun òkè, á fi amọ̀ àti ìkarahun sílẹ̀. Òkun á padà sẹ́yìn, odò á tún da iyanrìn bò ó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣe bẹ́ẹ̀ bọ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ìkarahun tó jáde yẹn kì í ṣe ti òkun Apapa. Òkun àtijọ́ ló ni ín, òkun yẹn sì ti lọ kí èèyàn kankan tó dáyé."

"Wetin come dey under am?" ni Tamuno bèèrè.

"Iyanrìn odò. Nítorí pé etí wa ló rì, gbogbo ilẹ̀ tó tò léra yìí fì sí ìhà òkun bí òrùlé páànù. Orí òrùlé yẹn wà lọ́hùn-ún, lápá Ọ̀tà àti Ṣàgámù. Òjò tó bá rọ̀ síbẹ̀ á wọnú iyanrìn, á máa rìn bọ̀ lábẹ́lẹ̀ títí dé abẹ́ wa níbí. Amọ̀ dúdú yìí sì dé e bí ọmọrí ìkòkò, kò jẹ́ kí omi iyọ̀ òkè kán sí i."

"Páìpù mélòó ni amọ̀ yẹn nípọn?" ni Ràímì bi í.

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"O ò mọ̀. Páìpù tó wà nínú ihò yẹn ni gbogbo dúkìá mi láyé, Rekiat. Bí amọ̀ bá fún un lọ́rùn, mo di ẹni tó ń jókòó wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn." Ó yíjú sí Tamuno. "Gbé sípánà wá."

Tamuno kò mira. Rekiat dìde, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wá rí ibi tí bàbá rẹ̀ ń wò. Kì í ṣe ihò ló ń wò. Ó ń wo òkè ògiri, sí àgbàlá ilé kẹta. Nínú àgbàlá yẹn, lábẹ́ kọnkéré kan tí koríko ti hù yí ká, ni kànga ẹ̀rọ tí Ràímì gbẹ́ fún ìdílé ara rẹ̀ wà, lọ́dún tí Hameed kú. Ìkarahun jáde níbẹ̀ náà. Ó dúró, ó fi kọnkéré dé e, àwọn ará ilé sì padà sídìí kànga àfọwọ́gbẹ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni onígbáméjì wọlé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kì í ṣe páìpù ló ń ba Ràímì lẹ́rù. Bó bá jẹ́ omi iyọ̀ ló wà lábẹ́ ìkarahun, a jẹ́ pé kò sóhun tó lè ṣe nígbà náà lọ́hùn-ún, Ọlọ́run ló gba Hameed. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ omi dídùn ni? Inú Rekiat bàjẹ́. Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé sípánà náà fún un.

Ìgbà náà ni Philomena wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Ilé ẹ̀yìn ni àwọn òbí rẹ̀ gbé nígbà tí wọ́n dé láti ìlà-oòrùn, àdúgbò yìí ló dàgbà sí, òun àti Hameed ni wọ́n sì jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó wo ẹ̀rọ tó dákẹ́, ó wo sípánà.

"Ọmọ ńkọ́?" ni Ràímì béèrè.

"Ó ti lajú. Dókítà ní kó má tún mu omi ilé wa mọ́." Ó kúnlẹ̀ sórí ẹrẹ̀. "Bàbá Hameed, ẹ jọ̀ọ́."

Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú ni gbogbo àdúgbò ti yí orúkọ Ràímì padà sí Bàbá Rekiat, kí ọgbẹ́ má baà máa ṣẹ̀jẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé, ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀. Bóyá oorun tí kò sùn ló mú kí Philomena gbàgbé ni o, bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ pè é ni o, òun nìkan ló yé.

Ràímì padà sídìí ẹ̀rọ. Ó yí kọ́kọ́rọ́.

"Páìpù kan péré," ni ó pariwo bí ẹ̀rọ ṣe ń bú. "Kan péré."

Páìpù ọgbọ̀n wọlé: amọ̀ dúdú, ìkarahun. Kò sẹ́ni tó rán Ràímì létí ohun tó wí. Ó tún na ọwọ́ gba òmíràn. Amọ̀ dúdú. Ní ìkejìlélọ́gbọ̀n, amọ̀ náà gbá páìpù mú, gbogbo férémù ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Ràímì sì ń gbé e sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, títí tó fi tú. Rekiat kó òkìtì kejìlélọ́gbọ̀n jọ. Amọ̀ dúdú ni.

Wọn kò tíì ti ìkẹtàlélọ́gbọ̀n dé ìlàjì tí Tamuno fi kígbe.

"Baba, mud dey run! Ẹrẹ̀ ń lọ!"

Lóòótọ́, ẹrẹ̀ inú ihò ń fà sísàlẹ̀ lójú wọn. Ẹrẹ̀ yìí ló ń gbé ògiri kànga dúró. Bó bá gbẹ, ògiri á ya lu páìpù, ó parí nìyẹn. Agbẹ́lẹ̀ tó bá rí i, yíyọ ló ń yọ páìpù, kò ní í bi ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ Ràímì ti wà lórí ìdarí tó ń gbé e sókè.

"Bàbá, amọ̀ kì í mu ẹrẹ̀," ni Rekiat wí. Ó ti dúró tì í, ẹnu rẹ̀ wà létí rẹ̀. "Amọ̀ tí a ti ń gbẹ́ bọ̀ láti àárọ̀, ṣé ó mu ún? Iyanrìn ló ń mu ún. A ti dé ibẹ̀."

Ràímì wò ó. Gbogbo ohun tó ní ń bẹ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Omi," ni ó wí. "Ẹ bu omi sí i. Tamuno, po ẹrẹ̀ kó ki."

Omi wo? Dúrọ́ọ̀mù omi kan ṣoṣo tó kù nílé, tí Philomena rà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ omi fún mímu àti síse, ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Philomena kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Òun àti Rekiat gbé e dojú dé sínú ihò ẹrẹ̀, Tamuno ń da ìyẹ̀fun amọ̀ sí i, ó ń fi ṣọ́bìrì rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Ẹrẹ̀ náà lọ sísàlẹ̀ sí i. Ó lọ sí i. Ó wá dúró.

Ohun tó hú jáde lẹ́yìn náà, Rekiat kò nílò àtifọ̀ ọ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Iyanrìn ni, funfun, ó rí wóróworo bí gààrí Ìjẹ̀bú. Ìkarahun kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ki páìpù rọ́bà bọ inú ilẹ̀, tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká. Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wá láti Liverpool Road láti fi fọ kànga náà. Omi tó kọ́kọ́ tú jáde jẹ́ ẹrẹ̀, ó padà di omi èérí, ó wá mọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti kún àgbàlá pẹ̀lú garawa àti jálá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Wọ́n ń dúró de ahọ́n Ràímì.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbà á. Ó tọ́ ọ wò. Ó gbé e mì. Ó tún bu òmíràn, ó sì mu ún tán.

"Ó dùn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

Àwọn èèyàn hó yèè, wọ́n rọ́ síwájú. Ràímì kúrò láàárín wọn, ó lọ jókòó sórí àwọn páìpù irin rẹ̀ tí wọ́n ti yọ, tí ọ̀kan kò dín. Rekiat tẹ̀ lé e.

"Láti ìkarahun dé iyanrìn," ni ó wí, "páìpù mélòó?"

Rekiat mọ̀ pé bàbá òun kà á. Agbẹ́lẹ̀ kì í gbàgbé iye páìpù. Bóyá ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó parọ́ fún òun ni, kò lè sọ.

"Mẹ́rin, Bàbá."

Ràímì mi orí. Ó fi ọwọ́ nu irin tó jókòó lé.

"Lọ́jọ́ tí mo gbẹ́ ti ilé wa," ni ó wí, "páìpù mẹ́fà ló ṣẹ́kù nílẹ̀ lẹ́yìn mi."

Rekiat jókòó tì í, ó di apá rẹ̀ mú, omi sì ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: Ràímì rí Philomena tó ń bu omi sínú jálá kékeré, tó ń dé e kó tó máa lọ sí ọsibítù. Ó dìde, ó lọ síbi àpò sìmẹ́ǹtì. Ó kó òkìtì dúdú kọkàndínlọ́gbọ̀n sọ́wọ́, èyí tó jẹ́ pé lọ́jọ́ gbogbo dídà ló ń dà á nù, ó gbé e wá fún ọmọ rẹ̀.

"Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ," ni ó wí. "Kọ orúkọ mi sí i, kọ ibi tí mo dúró sí nígbà yẹn, kọ mẹ́rin yẹn sí i. Màá mú un lọ bá gbogbo agbẹ́lẹ̀ fúnra mi."

Rekiat ṣí ìwé náà, ó bèèrè orúkọ wo ni kí òun kọ.

"Bàbá Hameed," ni ó wí.