Fìlà Ta Ni Èyí?

"Awwal's bag," ni Ọmọ́níkẹ́ wí, kí Àǹtí Gertrude tó gbé báàgì náà sókè tán.

Àǹtí gbé agbòòrùn. "Lubabah's umbrella." Kò tilẹ̀ mí.

Ó ku ẹyọ kan péré. Láti ìgbà tí Àǹtí Gertrude ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Yaba, báyìí ló ṣe ń dán wọn wò lórí bí a ṣe ń sọ ẹni tó ni nǹkan: kálukú á gbé ohun ìní rẹ̀ kan sórí tábìlì, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa dárúkọ olóhun. Orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà nìkan ni wọ́n ń gbà, ìnagijẹ ò wọlé. Bí Àǹtí bá fi pẹ́ńsù lu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí èèyàn ò sọ̀rọ̀, ó tán nìyẹn.

Ẹni tó bá gba gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa kọ lẹ́tà fún lọ sí ibùdókọ̀ kan ní Jíbówú, níbi tí wọ́n ti ń wá obìnrin tí yóò máa fi Gẹ̀ẹ́sì pe orúkọ àwọn èrò sínú ọkọ̀. Iṣẹ́ náà wu Ọmọ́níkẹ́ gan-an ni. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń fi Gẹ̀ẹ́sì ka ẹrù àwọn ayálégbé ilé wọn ní Mushin, látorí sítóòfù Ìyá Taoheed dé orí bàtà láńdílọ́ọ̀dù. Inú dídùn ló ń mú orí yá, orí rẹ̀ sì yá gágá láàárọ̀ yìí.

Àǹtí Gertrude wá gbé fìlà aláwọ̀ ewé kan sókè.

Fìlà Oyèníran ni. Gbogbo kíláàsì ló mọ̀ ọ́n, Oyèníran tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀ sì nìyẹn tó jókòó síwájú láìdé nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ Ọmọ́níkẹ́ ni. Wọ́n ti bí i kí Ọmọ́níkẹ́ tó wọlé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà ọkọ lòun náà, ìyàwó kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń pè é ní Akọ̀wé. Lójú tirẹ̀, bí orúkọ náà bá já bọ́ lẹ́nu òun ní Yaba, ìyá ọkọ òun á gbọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Pẹ́ńsù dún kó lórí tábìlì.

"Ọmọ́níkẹ́, ṣé o ò mọ olóhun ni?"

"Mo mọ̀ wọ́n, mà."

"Pè é lórúkọ, jàre. Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ níbí."

Pẹ́ńsù tún dún. Oyèníran ń mi orí sí i pé kó pe òun, pé òun ò ní bínú, ìyẹn gan-an ló sì tún dá kún un. Ẹ̀rù ń ba Ọmọ́níkẹ́, inú rẹ̀ sì tún ń dùn, bíi ti ẹni tí òjò ń lé bọ̀ wálé. Pẹ́ńsù lọ sókè lẹ́ẹ̀kẹta.

"It is my husband's brother's cap."

Pẹ́ńsù ò wálẹ̀ mọ́. "Tún un sọ," ni Àǹtí wí.

Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè sí i.

"Mi ò tíì kọ́ yín ní ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa ṣe é."

"Mo kàn ń wá ibi tí màá gbà lọ ni, mà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Gertrude, ọmọ olùkọ́ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n bí sí Yaba, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "O gbà á, bí kò tilẹ̀ sí orúkọ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ò ń wá yìí, orúkọ pípè ni. Lọ́jọ́ tí ará ilé ọkọ ẹ bá wá wọkọ̀ ńkọ́?"

Irọ́ kékeré kan ti tó láti fi dáhùn. Ọmọ́níkẹ́ wo fìlà, ó wo Oyèníran, kò lè pa irọ́ náà.

"Nọ́ńbà ìjókòó wọn ni màá pè, mà. Èrò yòókù, màá pe orúkọ wọn débi pé ẹni tó sùn á jí."

Àǹtí fa bébà sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, tí Ọmọ́níkẹ́ fọwọ́ méjèèjì di lẹ́tà rẹ̀ mú, Oyèníran bi í pé, "Ìyàwó wa, nọ́ńbà mélòó lẹ máa wá fún mi?"

"Nọ́ńbà kìíní. Ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ni kẹ́ ẹ jókòó sí, Akọ̀wé. Ẹ má sì pẹ́ o, mi ò ní í pè yín lẹ́ẹ̀mejì."