Ẹni Tó Sọ Ọmọ-ọmọ Wa Lórúkọ

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ Dáúdà, ọkọ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ tọrọ físà ní ilé aṣojú Amẹ́ríkà tó wà ní Nine Elms, ní London níbí, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n ní kó máa lọ sílé. Síbẹ̀, bí ìbò Amẹ́ríkà bá ti ń súnmọ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìyẹn Democrat, ló ń ṣe. Ó ní fìlà búlúù kan tó ń dé lọ sí mọ́ṣáláṣí, bó bá fẹ́ forí kanlẹ̀, á yí iwájú rẹ̀ sẹ́yìn.

Olúbáyọ̀, bàbá Adémidé tó fẹ́ Nusaybah ọmọ mi, ẹgbẹ́ Erin, ìyẹn Republican, ni tirẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Ẹ ó rí i lọ́jọ́ Sunday ní Rye Lane, sùtánà funfun lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán nílẹ̀, fìlà pupa lórí. Òun náà kò rí Amẹ́ríkà rí. Òkun tó jìnnà jù tó dé ni ti Margate, níbi tí wọ́n ti lọ gbàdúrà.

Ọ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀ o. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi jọ wa bọ́ọ̀sì ní gáréèjì kan náà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Tí Dáúdà bá ń gba ààwẹ̀, Olúbáyọ̀ kì í jẹun lójú rẹ̀. Ní báyìí, ọkọ mi kì í jókòó nínú bọ́ọ̀sì dé ibùdókọ̀ Elephant and Castle. East Street ló ń bọ́ sílẹ̀, á wá máa fi orúnkún tó ń dùn ún rìn lọ síbi tó ń lọ, torí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun níbi tí orúkọ Erin wà.

"Àwọn tó ń rọ ìbọn ló ń bọ́ yín!" Dáúdà á pariwo.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" Olúbáyọ̀ á dá a lóhùn. "Ṣebí àwọn oníbáǹkì àtàwọn tó ń ta oògùn ló ń sanwó yín!"

Èmi tí mò ń gbọ́ wọn láti kíṣìnnì, ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí Nusaybah fi bímọ. Ọjọ́ méjì ló fi rọbí, ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tí mo lọ bá a nílé wọn ní Sydenham, ó di ọwọ́ mi mú.

"Mummy, I don't want anything big," ó ní. "Mo kàn fẹ́ kí Daddy àti Daddy Adémidé jọ gbé e, kí wọ́n jọ fún un ní orúkọ kan. Just one name, together. Please, ẹ bá mi ṣe é."

Mo ní mo ti ṣe é. Mo ṣèlérí fún un.

Ẹ̀yin ará, ojú mi rí màbo. Tí ọkọ mi bá ní aago mẹ́wàá, Olúbáyọ̀ á ní aago méjìlá. Ọkọ mi ní ká lo hall ẹ̀sìtéètì wa, Olúbáyọ̀ ní hall náà kò dáa, hall tí òun fúnra rẹ̀ fi ṣe ọjọ́ ìbí! Ìjà wá dé orí orúkọ. Dáúdà ní òun ò ní ṣàmín sí orúkọ tó bá ti ẹnu ìdílé Erin jáde. Olúbáyọ̀ ní orúkọ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kankan ò ní wọ ilé òun. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé Boaz ni kó se oúnjẹ.

Ó yẹ kí n ti fura. Boaz ló ni ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì ní Rye Lane, tó tún ń gba iṣẹ́ oúnjẹ. Ní Thursday, mo lọ ra oyin, iyọ̀ àti ataare tí a ó fi sọmọ lórúkọ. Ó ní kí n wá mú èyí tó wù mí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni mo ti rí páálí ńlá kan. Fìlà pupa àti fìlà búlúù ló kún inú rẹ̀, wọ́n sùn lé ara wọn lórí.

"Boaz, kí lèyí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ojú ò tì í rárá. "Mummy, ṣé ẹ mọ bí àwọn company ńlá ṣe ń ṣe é l'Amẹ́ríkà? Ẹgbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń fún lówó. Èyí tó wù kó wọlé, tiwọn ló wọlé. Èmi náà fún Daddy ní búlúù, mo fún Daddy kejì ní pupa, free. Èmi ni mò ń fi video tí ẹgbẹ́ kan fi ń bú èkejì ránṣẹ́ sí WhatsApp group méjèèjì. Tí wọ́n bá ti ń jà, ta ló máa ráyè bi mí ní iye tí mò ń ta ìrẹsì?"

Inú bí mi gan-an. Mo ní ó di dandan, mo máa tú àṣírí rẹ̀ kí n tó bọ́ bàtà nílé. Ni Boaz bá gbé ìgò oyin tó tóbi jù, ó fi iyọ̀ sí i, ó fi ataare sí i, ó fi iṣu méjì lé e.

"Mummy, ẹ má sanwó. Ọmọ-ọmọ yín, ọmọ wa náà ni."

Ṣé mo kọ̀ ọ́? N kò kọ̀ ọ́. Mo dúpẹ́, mo gbé e sínú báàgì mi, mo sì panu mọ́ délé. Wọ́n ní ẹnu tó jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Aago kan ni hall máa bọ́ lọ́wọ́ wa. Mo gbé abọ́ omi kalẹ̀, mo gbé ọmọ lọ́wọ́, ni àwọn bàbá àgbà méjì bá bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí ta ló máa kọ́kọ́ ṣí fìlà. Wọ́n ní kí àwọn lọ yanjú ẹ̀ níta. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wò wọ́n, oníkálukú gbé fóònù síwájú ojú èkejì, ó ń fi video Boaz hàn án.

Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó ń tọ́jú hall ti ń mi kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Adémidé la ẹnu láti fún ọmọ rẹ̀ lórúkọ, àwọn ẹbí wa ní, "Rárá o, ọmọ Erin!" Mo la ẹnu tèmi, àwọn ẹbí wọn ní ìyàwó Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni mí. Èmi tí n kò dìbò fún alága àsàlátù rí!

Boaz bá dìde. "Ẹ̀yin ẹbí, èmi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan."

Gbogbo wọn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ló sọ. Ẹ sì mọ àṣà wa: ẹni tó bá sọ owó sínú abọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọmọ lórúkọ. Ó sọ owó sínú omi, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó fi oyin kan án lẹ́nu.

"Tinúọlá," ó ní. "Orúkọ ìyá mi ni."

"Àmín!" Erin àti Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dáhùn pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, torí wọ́n ti ṣí ìkòkò ìrẹsì.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ páálí yẹn níbẹ̀. Mo la ẹnu, mo rí oyin Boaz ní ìka mi, mo sì pa á dé. Nusaybah ń wò mí.

"Mummy," ó ní, "ẹ promise mi o."

Dáúdà wọlé. "Ta ló sọ ọ́ lórúkọ? Ṣé àwọn Erin ni?"

"Rárá. Boaz ni."

"Alhamdulillah!"

Olúbáyọ̀ tẹ̀ lé e wọlé, ó béèrè tirẹ̀, ó gbọ́ pé kì í ṣe Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó ké "Halelúyà!" Àwọn méjèèjì tò síwájú Boaz láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò sí èyí tó ní ká gbé ọmọ fún òun.

Wọ́n ti kọ Tinúọlá sínú ìwé ní council. Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, gbogbo ẹbí ló sì ń fi orúkọ náà pè é. Nusaybah kò bá mi jà. Ọmọ ti pé oṣù mẹ́rin, "baby" ni òun ṣì ń pè é.