Ṣíńṣín Ọwọ́ Mẹ́rin

"Ọ̀kan ń ta mí lẹ́nu, ọ̀kan dùn jù, ìkẹta ní òórùn kan tí mi ò mọ̀." Àǹtí Fọlákẹ́ da ọ̀rá ṣíńṣín mẹ́ta sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àjàó Estate. "Rodiat, orúkọ kan náà lẹ lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹ̀ o. Tí ti Jímọ̀ bá tún rí báyìí, ẹ má wulẹ̀ gbé e wá mọ́."

"Ẹ má bínú, mà. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

Ata nìkan ló dúró lọ́kàn Rodiat, inú sì ń bí i títí ó fi dé Apakun, níbi tí wọ́n ti ń pàdé. Oṣù kẹfà rèé tí òun àtàwọn obìnrin mẹ́ta ti dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn sílẹ̀. Olúkúlùkù ń dín tirẹ̀ nílé, wọ́n á wá kó o sínú ọ̀rá ẹgbẹ́. Àǹtí Fọlákẹ́ nìkan ni oníbàárà tó dúró tì wọ́n. Bó bá lọ, ẹgbẹ́ ti tú nìyẹn. Kí ló wá le nínú ìyẹ̀fun, ẹyin, bọ́tà àti ṣúgà? Òun tó jẹ́ akọ̀wé ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwọ̀n rẹ̀ fún wọn.

"Ta ló ń fi ata sí i?" ló bèèrè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaja Memunat, alága wọn, kó tó jókòó.

Àwọn méjì yòókù ti wà níbẹ̀. Ìyá Mísbáù ń wo èékánná rẹ̀. Ìyá Nafeesah ní ohun tí wọ́n kọ fún òun lòun ń tẹ̀ lé.

"Ẹ fi ìjà sílẹ̀," Alhaja ní. "A kì í sọ fún ara wa pé ọwọ́ ẹnìkan ò dùn."

"Alhaja, ẹ forí jì mí, ọjà là ń tà."

Sùúrù Rodiat ti tán. Ó gba èyí tí kálukú dín, ó wọlé, ó dà wọ́n sínú abọ́ mẹ́rin tí kò yàtọ̀ síra, ó sì gbé wọn jáde. Òun nìkan ló mọ ẹni tó ni èwo.

"Ẹ tọ́ wọn wò."

Ìyá Mísbáù jẹ ẹyọ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. "Ta ló fẹ́ fi ata pa ọmọ ọlọ́mọ?"

Abọ́ tirẹ̀ gan-an ni. Rodiat ti la ẹnu láti tú àṣírí rẹ̀ nígbà tí Alhaja gbé abọ́ kẹta sí imú.

"Èyí ńkọ́? Ó ń rùn bí àgbo ikọ́."

"Ó burú ju aláta lọ," Ìyá Nafeesah ní.

Abọ́ Rodiat ni. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń rin nọ́tímẹ́gì, èso olóòórùn kan, sí i bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe ní Ṣakí. Lọ́kàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn yòókù ló kọ ìwọ̀n yẹn fún. Ojú tì í. Ó lè gbé abọ́ náà wọlé kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀túnla ni Jímọ̀.

"Èmi ni," ó ní. Ó yọ agolo nọ́tímẹ́gì nínú àpò rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

Ìyá Mísbáù tọ́ka sí abọ́ tó mú un wúkọ́. "Aláta yẹn, tèmi ni, àbí?"

Rodiat mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Láti ọ̀la, ibí la ó ti máa dín in, ìkòkò kan, ife kan. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi èròjà tirẹ̀ kún un."

Alhaja dìde, ó wọlé. Nígbà tó jáde, agolo mílíìkì dídùn ló gbé ti nọ́tímẹ́gì náà.

"Ṣé èyí náà wà nínú ohun tí a ò ní fi sí i mọ́?" ó bèèrè.

"Ó wà nínú ẹ̀, mà," Rodiat dáhùn.