Àmín Inú Ìwé Ìpàdé

Èmi fúnra mi ni mo ṣe Àmín sí lílé tí wọ́n lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná, torí inú ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọdún tí mò ń wí, ṣọ́jà ló ń ṣèjọba. Wọ́n ní ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, kí kálukú máa ṣọ́ owó ná. A ń tò lórí ìlà ká tó rí ṣúgà àti ọ̀ṣẹ rà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń gba ìwé máa-relé-ẹ lójoojúmọ́. Japhet, ọkọ mi, wà lára wọn. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣiṣẹ́ ọba, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi ní kó máa lọ. Láti ìgbà náà, owó oṣù tèmi nìkan ni èmi, òun àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta ń jẹ.

Olùkọ́ ni mí ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àpáta Ìgbàlà, ní Ladi-Lak, ní Bàrígà. Ìjọ wa ló dá a sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn tíṣà àti ajíhìnrere. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ni: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tó ọgọ́rin, olùkọ́ mẹ́sàn-án. Ìtàn ìjọ ni mò ń kọ́ wọn. Èmi náà ni akọ̀wé ìpàdé àwọn olùkọ́, torí wọ́n ní ìkọ̀wé mi dára. Ìyìn burúkú! Ọdún mẹ́jọ ni mo fi bá wọn kọ ìwé ìpàdé lófẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣà wa kan, torí òun gan-an ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní ìwé òfin òṣìṣẹ́. Òfin kẹsàn-án inú rẹ̀ sọ pé, olùkọ́ tó bá ti lo ọdún márùn-ún, a ò gbọdọ̀ dá a dúró láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀, kí àwọn olùkọ́ yòókù sì nawọ́ sókè, ká kà á. Ṣùgbọ́n alága ìgbìmọ̀ wa, Àlùfáà Adéjìmí, kò fẹ́ràn ká máa nawọ́. Ó ní iṣẹ́ àwọn olóṣèlú nìyẹn, ó ní ṣé a ò rí ibi tí ìbò gbé wọn dé ni? Tiwa, àdúrà ni. Tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, Alága á ní, "Ẹ jẹ́ ká dìde, ká dijú." Ohun tó bá fẹ́ kó ṣẹ ni yóò kó sínú àdúrà ìparí. A óò ṣe Àmín, èmi náà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Gbogbo ilé ṣe Àmín. Ó di òfin." Ta ló fẹ́ kọ̀ láti ṣe Àmín lójú àlùfáà?

Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, a ti jókòó sípàdé láti aago méjì ọ̀sán. Ooru ń mú, ebi ń pa wá. Alága sọ̀rọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, ó sọ̀rọ̀ nípa sùúrù, ó tún mẹ́nu ba ìyàn ayé Èlíjà. Nígbà tó yá, ó ní ká dìde. Ó gbàdúrà fún ìjọba, ó gbàdúrà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó gbàdúrà fún òrùlé wa tó ń jò. Ọkàn tèmi ti lọ sílé, mò ń ro ohun tí a óò jẹ lálẹ́. Mo ṣáà gbọ́ tó ní, "Olúwa, bí a ṣe ń dín àwọn òṣìṣẹ́ kù yìí, wá tu ọmọbìnrin rẹ Wúràolúwa nínú. Ṣí ọ̀nà tuntun fún un, kí o sì fún ọkọ rẹ̀ lágbára láti gbọ́ bùkátà ilé."

Gbogbo ilé ní, "Àmín!"

Èmi náà ní, "Àmín!" Tèmi tilẹ̀ ròkè ju tiwọn lọ, torí mo gbọ́ orúkọ mi, mo gbọ́ "ṣí ọ̀nà." Ìgbà tí mo jókòó tán, tí mo gbé kálámù pé kí n kọ ọ́, ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí létí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lé mi ni?"

"Ah-ah, Sístà Wúrà! Ta ló lé ọ? Olúwa ló ń ṣí ọ nípò padà. Ìwọ náà ṣáà ṣe Àmín."

"Ọkọ wo ló fẹ́ gbọ́ bùkátà, sà? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gbàdúrà fún un nígbà tí wọ́n dá a dúró!"

"Àdúrà yẹn náà á gbà," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì kó Bíbélì rẹ̀.

Ẹ gbà mí! Àwọn olùkọ́ yòókù ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà dé. Wọ́n ní ìparí oṣù ni kí n ṣe iṣẹ́ mọ, wọ́n sì fi kún un pé gbogbo ilé fẹnu kò sí i, títí kan èmi alára.

Bàbá Ọdẹ́túnjí ló dá mi dúró lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Òun ló dàgbà jù nínú wa, ìṣirò ló ń kọ́ wọn, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Wúrà, ẹkún kọ́. Òfin kẹsàn-án ńkọ́? Kọ̀wé pé o ò gbà. Tí o bá ti kọ̀wé, dandan ni kí wọ́n tún ìpàdé pè." Mo kọ̀wé náà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fi ìpàdé sí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ní Sátidé, mo kó ìwé ìpàdé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a ní wálé, èmi àti Japhet jókòó tì í. Ohun tí mò ń wá ni ẹ̀rí pé, láyé àtijọ́, wọn kì í fi àdúrà lé èèyàn. Mo rí i lóòótọ́. Ní ọdún keje lẹ́yìn tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, wọ́n nawọ́ lórí ọ̀rọ̀ olùkọ́ kan, wọ́n kà á, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn, mo ń pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni Japhet ti na ìwé kẹta sí mi.

"Ìkọ̀wé ta rèé?" ló bi mí.

Ìkọ̀wé mi ni. Mo kà á: "Alága gbàdúrà kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú Sístà Oyèbísí nínú ilé ọkọ rẹ̀, kó sì pèsè iṣẹ́ mìíràn fún un. Gbogbo ilé ṣe Àmín, títí kan Sístà Oyèbísí fúnra rẹ̀. Ó di òfin."

Sístà Oyèbísí ni mo bá lẹ́nu iṣẹ́ náà, òun ló fi yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ hàn mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé. Ọdún méjì ṣáájú tèmi yìí ló fẹ́ Mùtíù, télọ̀ kan, ọmọ onílé kan ní Fola Agoro. Mùsùlùmí ni Mùtíù. Kò sí ibi kankan nínú ìwé òfin wa tó ní kí olùkọ́ má fẹ́ Mùsùlùmí, nítorí náà Alága ò bá a sọ ọ́ lójú, ó kàn gbé e sínú àdúrà ni. Èmi tí mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo ti gbàgbé. "Títí kan Sístà Oyèbísí fúnra rẹ̀" yẹn pàápàá, kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́. Èmi ni mo rò pé ó máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kún. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Bí mo ṣe parí iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mo yà sí Fola Agoro. Ojú ọ̀nà tí mò ń gbà relé ní Palmgrove ni, àmọ́ láti ọdún méjì yẹn, mi ò yà rí. Mo bá Sístà Oyèbísí ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tó gboyè jáde ní yunifásítì! Ó wò mí títí kó tó na àpótí sí mi.

"Wọ́n ti lé ìwọ náà," ló sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sístà."

"Nínú àdúrà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì sọ ti ìpàdé ọjọ́ Ẹtì fún un. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. "Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Lọ́jọ́ tèmi, ṣé o mọ̀ pé mo rò pé àdúrà ìgbéyàwó ni wọ́n ń gbà fún mi? Mo ṣe Àmín, mo tún ní ẹ ṣé gan-an ni. Ìgbà tí lẹ́tà dé, mo wá bá ọ. Ṣé o rántí ohun tí o wí?"

Mo rántí. Mo ní, "Mo ní ohun tí ilé sọ ni mo kọ."

"Ohun tí o wí gan-an nìyẹn." Ó já òwú. "Inú ò bí mi mọ́. Irọ́ ni, inú ń bí mi! Mùtíù ò dá mi lẹ́kun iṣẹ́, mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Wúrà, tí o bá dé ìpàdé yẹn, má dá sọ tìẹ. Òfin kan náà ni wọ́n tẹ̀ lójú. Sọ tèmi mọ́ ọn."

Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Ọlọ́run gbọ́, màá sọ ọ́. Tí a bá ti túká lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀dọ̀ yín ni màá kọ́kọ́ yà sí."

Ó ní, "Màá se ẹ̀wà dè ọ́."

Ọjọ́ Ẹtì pé. Mo sọ ọ́ o! Kí n má parọ́ mọ́ ara mi, mo sọ ọ́. Mo dìde, mo ka òfin kẹsàn-án sí wọn létí. Mo ka ìwé ìpàdé àtijọ́ níbi tí wọ́n ti nawọ́. Mo ní bí wọ́n ṣe lé èmi kò bófin mu, bí wọ́n ṣe lé Sístà Oyèbísí náà kò bófin mu, èmi tí mo kọ Àmín sílẹ̀ fún un sì jẹ̀bi.

Alága ní, "Ọ̀rọ̀ Oyèbísí kọ́ la bá wá síbí."

Bàbá Ọdẹ́túnjí ní, "Òfin kan náà ni, Alága. Ẹ jẹ́ ká nawọ́ lórí méjèèjì."

Ni ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Alága ń wo ìwé òfin náà bí ẹni tó he òkúta nínú ẹ̀wà rẹ̀. Ó nu ojú. Lẹ́yìn náà ló dìde.

"Ẹ jẹ́ ká dijú," ló wí. "Baba, a dúpẹ́ pé o ti dá ọmọbìnrin rẹ Wúràolúwa padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀." Mo di etí tábìlì mú. "Àwọn ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá, Olúwa, bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹni tó ti jáde, bùkún un níbi tó wà. Kí ẹnikẹ́ni má hú ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta mọ́. Ní orúkọ Jésù."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Láti ọdún mẹ́jọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo lajú, mo rí i pé gbogbo wọn ti lajú, èmi ni wọ́n sì ń wò. Ojú Bàbá Ọdẹ́túnjí ò kúrò lára mi. Ó yé mi kedere: tí mo bá dákẹ́, wọ́n á dákẹ́ pẹ̀lú mi, Alága ò sì ní rí nǹkan ṣe ju kó jẹ́ ká nawọ́. Tí a bá sì nawọ́, ó lè jẹ́ èmi àti Sístà Oyèbísí la jọ máa wọlé, ó sì lè jẹ́ a jọ máa wà níta. Ta ló mọ̀? Mo rí Japhet lójú ọkàn mi níbi tó jókòó sí, tó ń ka ìwé ìròyìn àná. Mo rí àwọn ọmọ mi.

Mo ní, "Àmín."

Ilé wá tẹ̀ lé mi. Bàbá Ọdẹ́túnjí nìkan ni kò la ẹnu. Alága ní, "Akọ̀wé, kọ ọ́." Mo kọ ọ́: gbogbo ilé ṣe Àmín, ó di òfin.

Àwọn kan tí mo sọ ọ́ fún ní àṣà ló fà á, pé ẹnu ti mọ́ ọn lára. Irọ́ ni. Ti àkọ́kọ́ ni mi ò mọ̀. Èyí tí mo ṣe lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, mo mọ̀ ọ́n.

Mi ò yà sí Fola Agoro lọ́jọ́ náà. Ọ̀nà mìíràn tó jìn ni mo gbà dé Palmgrove, òun náà ni mo sì ń gbà láti ọjọ́ náà. Japhet jó nígbà tó gbọ́, ó gbé mi sókè, ó ní Ọlọ́run tóbi. Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀wà tí Sístà Oyèbísí sè dè mí, mi ò mọ ẹni tó jẹ ẹ́.